Àwọn Elégbè Ìjàpá: Bí Àwọn Ọmọdé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ Ṣe Ń Gba Àlọ́ Ọ̀rẹ́ Ẹranko, láti Ẹnu dé inú Ìwé

Ìfáàrà

Nínú àlọ́ tí àwọn Yorùbá ń pa nípa ẹranko méjì tí wọ́n jọ ń ṣọ̀rẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀rẹ́ náà tó dé òpin láìfọ́. Ìjàpá ni ó sáábà máa ń fọ́ ọ. Síbẹ̀, Ìjàpá yìí kan náà ni àwọn ọmọdé fẹ́ràn jù lọ. Bí apàlọ́ bá ti dárúkọ Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ẹ̀rín yóò ti máa bọ́ lẹ́nu àwọn olùgbọ́ kí wọ́n tó mọ ohun tí ó ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìṣòro nínú agbo àlọ́. Ó di ìṣòro nígbà tí àlọ́ wọ inú ìwé kíkà, tí ìwé kíkà sì wọ inú kíláàsì, tí olùkọ́ wá ní láti dáhùn ìbéèrè kan: kí ni ó yẹ kí ọmọ kékeré rí kọ́ lára ẹni tí ó ń da ọ̀rẹ́ rẹ̀?

Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ni ìhà tí àwọn ọmọdé kọ sí irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, bí ìhà náà ṣe rí nígbà tí etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, àti bí ó ṣe yí padà nígbà tí ojú di ohun tí wọ́n fi ń kà á. Àwọn ìlú méjèèjì yẹ fún irú ìwádìí yìí, nítorí pé ilé kéwú, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó ti kọjá lórí àwọn ọmọ ibẹ̀, tí olúkúlùkù sì ní irú ìwé tí ó fi lé wọn lọ́wọ́.

Ta ni ó kọrin tí Erin fi wọ ìlú?

Ó dára kí a ti inú àlọ́ kan bẹ̀rẹ̀. Nínú àlọ́ Ìjàpá àti Erin, ìlú kan ń wá erin láti fi ṣe ètùtù, kò sì sí ọdẹ tí ó lè mú un wá. Ìjàpá ní òun yóò mú un wá láàyè. Ó dín àkàrà, ó fi oyin sí i, ó sì gba inú igbó lọ bá Erin. Nígbà tí Erin tọ́ àkàrà náà wò, tí ó béèrè ibi tí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ti wá, Ìjàpá wí fún un pé oúnjẹ ìlú ni, pé ojoojúmọ́ ni yóò máa jẹ ẹ́ bí ó bá gbà láti wá jọba, nítorí pé àwọn ará ìlú ti fi ohùn ṣọ̀kan pé kò sí ẹlòmíràn tí oyè náà tọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀ ní ìlú, wọ́n ti tẹ́ ẹní bò ó, wọ́n sì ti gbé ìtẹ́ ka orí ẹní. Wọ́n lùlù, wọ́n kọrin, wọ́n sin Erin láti etí igbó wọ àárín ìlú. Erin jókòó, ilẹ̀ sì yà.

Ohun tí ìwé kì í fi hàn nínú àlọ́ yìí ni ẹni tí ó kọrin. Nínú ìtàn, Ìjàpá ni ó lé orin, àwọn ará ìlú sì gbè é. Ṣùgbọ́n nínú agbo àlọ́, apàlọ́ ni ó dúró sí ipò Ìjàpá, àwọn ọmọ tí ó jókòó yí i ká ni wọ́n sì dúró sí ipò ará ìlú. Ẹnu àwọn ọmọ wọ̀nyí ni orin oyè náà ti jáde. Wọ́n mọ̀ pé kòtò wà lábẹ́ ẹní, nítorí pé apàlọ́ ti sọ ọ́ fún wọn. Erin nìkan ni kò mọ̀. Ọmọ tí àánú Erin bá wá ṣe nígbà tí ó já sínú kòtò ti bá wọn kọrin tán kí àánú náà tó dé.

Irú rẹ̀ náà ni ti Ìjàpá àti Ajá. Ìyàn mú, Ajá ń lọ jí iṣu wà lóko olóko, Ìjàpá sì bẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi mú un dání. Ajá wa ìwọ̀nba tí ó lè gbé. Ìjàpá di ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, ó wá ń fi orin pe Ajá kí ó padà wá ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ orin náà lè mú olóko jáde. Níhìn-ín pẹ̀lú, àwọn ọmọ ni ń gbe orin náà. Àwọn ni wọ́n ń bá ọ̀lẹ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà sínú ewu. Nínú ẹ̀dà kan tí ó gbajúmọ̀, wọ́n mú Ìjàpá, ó sì dárúkọ Ajá. Ajá fi ẹyin tútù sẹ́nu, ó dùbúlẹ̀ bí ẹni tí àìsàn ń ṣe, ó fọ́ ẹyin náà sílẹ̀ bí èébì níwájú ọba, ìyà sì kù sí ọrùn Ìjàpá. Ẹ̀rín tí ó máa ń tẹ̀lé ẹyin fífọ́ yìí pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń rín? Ajá pẹ̀lú jalè.

Èyí ni kókó tí àwọn tí ó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ọmọdé kì í sáábà dúró lé lórí. Ègbè kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lára àlọ́. Òun ni ó fún olùgbọ́ ní ipò nínú ìwà tí àlọ́ ń sọ nípa rẹ̀. Ọmọdé kò jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ tí ń wo Ìjàpá láti òkèèrè. Ó bá a lọ́wọ́ nínú ẹ̀tàn náà, ó sì gbádùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó tó rí ibi tí ẹ̀tàn já sí.

Agbo àlọ́ ní etí ọ̀sà

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ìlú ọjà àti ìlú omi. Láti Ìkòròdú ni àwọn oníṣòwò Èkó ti ń gba ọ̀nà Rẹ́mọ wọ inú ilẹ̀ lọ, Èjìnrìn tí ó wà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ sì jẹ́ ọjà ńlá tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń ná ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ, kò sì padà sí Èkó títí di ọdún 1862. Lára àwọn tí ó bá a lọ ni ó di Èkó-Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n sì ń bá Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ gbé títí di òní. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, kò lè sí ẹ̀dà àlọ́ kan ṣoṣo. Bí ẹ̀ka èdè bá yàtọ̀, ọ̀rọ̀ orin yóò yàtọ̀, bí orin bá sì yàtọ̀, ohun tí àwọn ọmọ fi ẹnu ara wọn sọ fún Erin yóò yàtọ̀ pẹ̀lú.

Àkọsílẹ̀ àwọn àjèjì nípa agbo àlọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí A. B. Ellis, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, kọ sínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Yorùbá ní ọdún 1894 ṣe pàtàkì. Ó sọ nípa àwọn apàlọ́ tí iṣẹ́ wọn nìyẹn, tí wọ́n ń rin ìlú kiri pẹ̀lú ìlù, tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí àlọ́ wọn dá lé lórí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ellis kọ àwọn ìtàn náà sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tọ́jú ohun púpọ̀ tí ì bá ti sọnù. Ṣùgbọ́n ohun tí apàlọ́ sọ ni òǹkàwé rẹ̀ rí. Ohùn àwọn tí ó jókòó gbọ́ ọ kò dé inú ìwé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìwé ti ní ìṣòro yìí.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a rántí. Alẹ́ ni wọ́n ń pàlọ́, lẹ́yìn iṣẹ́ oko, iṣẹ́ odò àti oúnjẹ. Àwọn àgbà kì í fẹ́ kí ọmọ pàlọ́ lọ́sàn-án. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba àlọ́ wọlé, àárín òwúrọ̀ ni ó fi í sí, láàárín ìṣirò àti ìmọ́tótó. Kò sí àkọsílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni bínú sí i.

Ilé kéwú, ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé kíkà

Ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ gidigidi, ọ̀pọ̀ òbí kò fẹ́ fi ọmọ wọn sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì, nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò yí ẹ̀sìn ọmọ padà. Ìdí nìyí tí ìjọba fi dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1896, tí irú rẹ̀ sì dé Ẹ̀pẹ́ àti Badagry kí ọ̀rúndún náà tó parí. Fún ọmọ tí ó ń lọ sí ilé kéwú, ìwé jẹ́ ohun mímọ́ tí a ń kà sókè ní ohùn kan náà láìyí ohunkóhun padà. Fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, Bíbélì àti ìwé ABD ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì tí ó gba ọmọ láyè láti fi ẹnu tirẹ̀ kún ohun tí a kọ. Bí Ìjàpá ṣe wá wọ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní láti wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìwà tí ó bá ibẹ̀ mu.

Àwọn ìwé kíkà tí ilé ìtẹ̀wé C.M.S. gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àti Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ní àwọn ọdún 1940, ni ó sọ ìtàn kíkà ní èdè Yorùbá di ohun tí ọmọdé mọ̀. Iṣẹ́ Ọdúnjọ dára púpọ̀, ọ̀pọ̀ àgbà tí ó lè kà Yorùbá lónìí ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ìlànà tí a fi ń lo ìwé kíkà nínú kíláàsì kò ti ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé wá. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ àti alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ni ó ti wá: olùkọ́ kà, ọmọ tẹ̀lé e, olùkọ́ bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni ó bèèrè ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ni.

Ohun tí ó mú kí ìlànà yìí gbilẹ̀ ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jẹ àǹfààní náà, nítorí pé nígbà tí a ya ìlú Èkó sọ́tọ̀ fún Ìjọba Àpapọ̀ ní ọdún 1954, abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn ni àwọn ìlú méjèèjì wà. Ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Ọmọ apẹja ní Ẹ̀pẹ́ tipa bẹ́ẹ̀ rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣáájú ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Jákèjádò Ìwọ̀ Oòrùn, iye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí ohun tí ó ju 811,000 lọ ní ọdún 1955. Olùkọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò tó nǹkan, kíláàsì kún àkúnfàya, ìwé kò kárí. Ẹni tí ó bá ní ọmọ àádọ́ta níwájú kò lè jẹ́ kí gbogbo wọn máa pariwo orin Ìjàpá nígbà tí kíláàsì kejì ń ṣe ìṣirò lẹ́yìn ògiri tí kò ga dé àjà. Kò yẹ kí a dá irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ọgbọ́n yẹra fún lọ́jọ́ náà di ọ̀nà tí àwọn tí ó kọ́ gbà ń kọ́ni nígbà tí àwọn náà di olùkọ́.

Ìwé Babalọlá àti ìbéèrè "ẹ̀kọ́ wo?"

Ní ọdún 1973 ni Adébóyè Babalọlá, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Yorùbá ní Yunifásítì Èkó, ẹni tí ó ti gba orúkọ ṣáájú pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìjálá, gbé Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde ní apá méjì. Kò sí ìwé àlọ́ mìíràn tí ó ní ọlá tó o láàárín àwọn olùkọ́ Yorùbá. Babalọlá kò sọ Ìjàpá di ẹni rere. Olè, ọ̀kánjúwà, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ó bá a, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe kọ ọ́. Ẹni tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń sun ìjálá mọ̀ dájú pé ohùn kì í ṣe ohun tí a lè yọ kúrò lára ọ̀rọ̀, nítorí náà àlọ́ tí ó ní orin kò pàdánù orin rẹ̀ nínú ìwé náà.

Orin wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń fi ojú ka orin kò gbè é. Ó ń kọjá lórí rẹ̀ láti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé òpin, ó bá ìbéèrè pàdé: ẹ̀kọ́ wo ni àlọ́ yìí kọ́ wa? Fún àlọ́ Ajá, ìdáhùn rọrùn, nítorí pé ìyà jẹ Ìjàpá: ojúkòkòrò kò dára. Fún àlọ́ Erin, ọ̀rọ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà rẹ̀, ìyà kankan kò jẹ Ìjàpá; ẹ̀bùn ni ó gbà. Olùkọ́ tí ó gbọ́dọ̀ rí ẹ̀kọ́ kan mú jáde á wá sọ pé kí ọmọ má ṣe fẹ́ oyè tí kò tọ́ sí i, tàbí kí ó má ṣe jẹ́ kí oúnjẹ fa òun. Ìyẹn ni pé Erin ni ó jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n dà ni ẹ̀jọ́ wá padà dá lórí, ẹni tí ó dà á sì lọ láìsí ìbéèrè. Àwọn apàlọ́ mìíràn rí ihò yìí, wọ́n sì so ìyà mọ́ ìdí àlọ́ náà kí ọkàn kíláàsì lè balẹ̀. Àtúnṣe náà kò sàn ju àìsàn lọ, nítorí pé ó mú kúrò ohun tí ó ń dun ọmọ nínú àlọ́ náà gan-an: pé a lè fi ayọ̀ bá wọn sin ọ̀rẹ́ wa lọ sínú kòtò.

Ìwé òkèèrè kan lè ràn wá lọ́wọ́ láti rí ìyàtọ̀ náà. Ní ọdún 1952 ni E. B. White, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó tún ń ṣe oko, gbé ìtàn àròsọ Charlotte's Web jáde fún àwọn ọmọdé. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, ó ti kọ àròkọ nípa ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ kan tí ó tọ́jú títí tí ó fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú ìtàn àròsọ náà, alántakùn kan hun ọ̀rọ̀ ìyìn sínú òwú rẹ̀ kí wọ́n má baà pa ẹlẹ́dẹ̀ tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì kú lẹ́yìn tí ó gba ọ̀rẹ́ náà là. Ìran méjì, mẹ́ta ọmọdé ni ó ti sunkún lórí ikú yìí. Òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ kò sàn jù wọ́n lọ: nígbà tí ó ń ka ìwé náà sínú ẹ̀rọ ní ọdún 1970, wọ́n ní ìgbà 17 ni ó tún ibi ikú náà kà kí ohùn rẹ̀ tó dúró. Òǹkàwé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dá nìkan wà pẹ̀lú ìwé; ohun tí ó lè ṣe kò ju kí ó káàánú lọ. A kọ ọ́ fún ojú, ojú náà ni ó sì ń gbà á. Àlọ́ Erin kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi í lé ọmọ lọ́wọ́ láti dá kà, kò ní sunkún gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé White, nítorí pé apàlọ́ kò jẹ́ kí ó mọ Erin tó bẹ́ẹ̀. Kò sì ní bá wọn dá ẹ̀ṣẹ̀ gẹ́gẹ́ bí elégbè, nítorí pé kò kọrin. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó wá ìdáhùn sí ìbéèrè olùkọ́.

Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán gbìyànjú láti dá agbo náà padà. Nígbà tí NTA bẹ̀rẹ̀ ètò Tales by Moonlight ní ọdún 1984, àwọn ọmọ tí ó jókòó yí apàlọ́ ká nínú ẹ̀rọ ń dáhùn, wọ́n sì ń gberin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni apàlọ́ ń sọ. Ọmọ tí ó wà nílé ní Ìkòròdú sì lè gberin tì wọ́n, ṣùgbọ́n apàlọ́ kò gbọ́ ọ.

Ọwọ́ àwọn olùkọ́ tí ń bọ̀

Ìkòròdú ti yí padà gidigidi. Àwọn tí ó ti Èkó àti ìpínlẹ̀ mìíràn wá ti kún inú rẹ̀, kíláàsì kan sì lè ní ọmọ tí ó ń sọ Ìgbò, Ègùn tàbí Haúsá nílé. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, àkókò Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ ni ibi tí wọn yóò ti kọ́kọ́ pàdé Ìjàpá. Òfin tí Gómìnà Akínwùnmí Ambode, tí ó jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, fọwọ́ sí ní oṣù Kejì ọdún 2018 sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè tuntun ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Nítorí náà, ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí àlọ́ nínú àkókò Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré mọ́. Àkókò náà nìkan ni ó kù fún un lọ́pọ̀ ibi.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó wà ní Noforija ní Ẹ̀pẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1994 fún àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ti di ara Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 2022, wà láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ fún ìdánwò iṣẹ́ ìkọ́ni gbọ́dọ̀ kọ èròǹgbà ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wọ kíláàsì, àwọn alábẹ̀wò sì fẹ́ràn èròǹgbà tí a lè wọ̀n: kí ọmọ lè dárúkọ ẹranko mẹ́ta inú àlọ́, kí ó lè sọ ẹ̀kọ́ méjì. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí ó rọrùn bẹ́ẹ̀ láti kọ sílẹ̀, tí kò sì ní ìdáhùn nínú ìwé: ta ni ó kọrin tí Erin fi wọ ìlú? Ọmọ tí ó ti kọ orin náà nìkan ni ó lè dáhùn rẹ̀ dáadáa, nítorí náà olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé e, kí kíláàsì gbè é, kí ó tó ní kí wọ́n ṣí ìwé. Ohùn yóò dún dé kíláàsì kejì. Ó yẹ kí ó ti sọ fún olùkọ́ ibẹ̀ ṣáájú. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìṣẹ́jú 35, orin náà kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.